Ọmọ Tí Mo Fi Ìbọn Wọ̀n

Ẹ dákẹ́! Mo ní ẹ dákẹ́! Láti ìgbà tí oòrùn ti gun orí òrùlé ni ẹ ti ń pariwo lábẹ́ ìsọ̀ yìí bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹnìkan ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ẹran ńlá pa. Ẹnìkejì ní rárá, ó di méjìlá. Òmíràn tí kò tíì pa ju òkété lọ láyé rẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀yà pé kí a máa gbé ọmọ ọwọ́ lọ bá ẹfọ̀n kí ojú rẹ̀ lè tètè là. Kò sì sí ẹni tó bi èmi tí mo jókòó síbí pẹ̀lú ọ̀pá. Ó dára. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, a kò dè é lẹ́sẹ̀, ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó, kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti jẹ itan mi ọ̀tún tán, ọkàn mi ló ń jẹ lọ́wọ́.

Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọkọ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yin ọmọ àná kò mọ̀ mí nígbà tí mo gbóná. Èmi ni mo pa ìmàdò mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀kẹrin sá wá bẹ̀ mí pé kí n dákun kí n sinmi. Ẹkùn pàdé mi lọ́nà oko Ìdí-Ose, ó yà fún mi, ó sì tún bi mí léèrè ará ilé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nínú igbó àti ní ìlú, Àwẹ̀ró nìkan ló pa mí rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, odò ló ti ń bọ̀. Omi ń kán láti etí ìkòkò sí èjìká rẹ̀, oòrùn sì ń wo ara rẹ̀ nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo dígí. Ẹtu kan dúró níwájú mi, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, n kò rí i. Ẹtu náà wò mí, ó wo Àwẹ̀ró, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ìfẹ́ kò tíì yìnbọn lù yín ni.

Àwa méjì la jọ ń fẹ́ ẹ nígbà náà, èmi àti Ògúnwọlú, ọdẹ bíi tèmi. Mo borí. Ògúnwọlú kò dárí jì mí. Nígbà tí ọmọkùnrin rẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá, ó mú un lọ sí igbó, ọmọ náà sì pa ẹfọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n dé, Ògúnwọlú kò gba ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tèmi ló gbé ìrù ẹfọ̀n wá, tó ń fì í bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, ìwọ tí o gba obìnrin, kí ni o gbà á ṣe? Ẹyọ ọmọ kan, òun náà ló ń fi kànnàkànnà lé ológoṣẹ́ lẹ́yìn ilé yẹn?"

Ọmọ mi Ọdẹ́bùnmi ló ń bú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ẹ má wò mí pé ọmọbìnrin ni. Ìyá tó bí bàbá mi pa ìmàdò, ó sì sè é fúnra rẹ̀. Ojú Ọdẹ́bùnmi mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ga bí ìyá rẹ̀. Gíga yìí ló kó wa sí ìyọnu. Nínú agbo ilé tiwa, ìbọn la fi ń mọ ọmọ tó tó ẹran ńlá. A ó gbé ìbọn ilé nàró ti ògiri, ọmọ yóò bọ́ bàtà, yóò dúró tì í. Bí orí rẹ̀ bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, ó tó. Bí kò bá ga jù ú, kó padà sídìí ọ̀kẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ògúnwọlú wá fì ìrù yẹn, mo gbé ìbọn nàró, mo pe Ọdẹ́bùnmi. Orí rẹ̀ fi ìka méjì ga ju ẹnu ìbọn lọ. Mo ké, "Ó tó!"

Baba Ọdẹ́yalé, bàbá Àwẹ̀ró, tó jẹ́ Olúọdẹ ìlú wa, fi ọ̀pá tì wá. Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, egungun ni ìbọn ń wọ̀n, kì í wọn àyà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kó gbé àpò tẹ̀lé wa fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta sí i."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá àna mi lóhùn. Mo ní, "Baba, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, àyà yín náà ti ń bá a lọ."

Àwẹ̀ró kò bá mi jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdájí ló jà. Tẹ́lẹ̀, "Ayọ̀ mi" ló ń pè mí. Bó bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé, ìbọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ yẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ mi gan-an, bí ẹni ń pe olè.

"Ọdẹ́gbàmí."

Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Àwẹ̀ró, èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Bí o bá mú ọmọ mi kọjá odò lónìí nítorí ẹnu Ògúnwọlú, ìfẹ́ tó wà láàárín wa, dì í mọ́ oúnjẹ ọ̀nà rẹ. O kò ní bá a nílé mọ́."

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin tó ní ọgbọ́n ì bá jókòó. Èmi di àmùrè, mo sọ ìbọn kọ́ Ọdẹ́bùnmi léjìká, mo ní, "Ó yá." Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìgboyà ni.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Nígbà tí oòrùn gun ọ̀pẹ, a dé ẹnu Igbó Ẹlẹ́fọ̀n. Ọ̀gán kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilé lọ. Bí mo ti fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀gán náà wú ikọ́. Mo dúró. Orí ọ̀gán là, orí arúgbó obìnrin kan yọ síta, ojú rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ikán ń wọ ihò imú rẹ̀ kan, wọ́n ń gba ìkejì jáde, bí ẹni ń lọ oko tó ń bọ̀. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, ọ̀gán ni gbogbo ara rẹ̀. Ìyá Ọ̀gán ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, "Ta ló ń wọ́ òjìji rẹ̀ kọjá lórí ilé mi?"

Mo gbọn ara. Mo ní, "Èmi Ọdẹ́gbàmí ni, ọmọ apẹranmá-ta-láàbọ̀, èmi tí ẹkùn rí tó yà..."

"Pa á dé! A kì í fi oríkì se ọbẹ̀. Ta ni kékeré yìí?"

"Ọmọ mi ni. Ẹfọ̀n ló ń wá. Orí rẹ̀ ga ju ẹnu ìbọn ilé wa lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ikán ń já bọ́ láti eyín rẹ̀ pò-pò-pò. "Ẹnu ìbọn wo? Èyí tó bẹ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn? Alágbẹ̀dẹ tó gé ibi tó ya kúrò, ṣé ó gé e tó ìbú ọwọ́ kan, àbí ó lé?"

Òótọ́ ni. Ìbọn náà ti bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, alágbẹ̀dẹ sì gé ẹnu rẹ̀. Ká ní a kò gé e ni, orí Ọdẹ́bùnmi kì bá tí dé ẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà mí sílẹ̀ pé mo gbàgbé. Ẹni tó bá ní mo gbàgbé ń bá mi purọ́ ni. Mo mọ̀ nígbà tí mo gbé e nàró. Mo mọ̀ nígbà tí mo ké "Ó tó!" Ìrù ẹfọ̀n Ògúnwọlú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdẹ́bùnmi yíjú sí mi níwájú ọ̀gán yẹn. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Mo bá fi ìbínú bo ìtìjú. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹjọ́ ìbọn la wá rò ni? Ẹ fi ẹfọ̀n hàn wá, tàbí kí ẹ wọlé yín lọ."

Ó ní, "Dáhùn èyí ná. Kí ni ọmọdé kò tíì ní, tí àgbà ti ná tán, tí kò sí ọba tó lè yá ẹni?"

Mo ronú títí. Mo ní, "Irùngbọ̀n ni."

"Irùngbọ̀n! O gbọ́n. O gbọ́n bí ajá tó gbé òkúta mì." Ó na ọwọ́ amọ̀ rẹ̀ sí mi. "Wá ká jọ ṣe àdéhùn. N ó mú ẹfọ̀n dúró níwájú yín. Bí ọmọ yìí bá yìnbọn sí i, ì báà bà á, ì báà má bà á, n ó gba ohun tí ọmọ náà kò tíì ní. Tìrẹ kọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́. Ohun tí kò tíì ní nìkan."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kí ni Ọdẹ́bùnmi kò ní? Kò ní ewúrẹ́. Kò ní ọkọ. Ohun tí ènìyàn kò ní, ta ló lè jí i? Mo ní arúgbó yìí ti sínwín, mo gbá a lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

A wọ inú igbó. A kò rìn jìnnà tí a fi yọ sí pápá kékeré kan, tí koríko rẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Àwọn ọmọdé jókòó síbẹ̀ lórí ìtì igi, wọ́n tó ogún, wọ́n ń fi epo nu ìbọn tó ga jù wọ́n lọ. Ara wọn jọ̀lọ̀, eyín iwájú ẹlòmíràn kò tíì hù padà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn àgbàlagbà ló jáde.

Ọmọkùnrin kan tó fi eyín mẹ́ta rín ẹ̀rín ní, "Ẹ káàbọ̀, Baba Ọlọ́mọ. Ẹ tún kó òmíràn wá."

Mo ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí àràbà tó wà lẹ́yìn yín yẹn ti wà nínú èso ni mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi ní mo tó. Mo yìnbọn. Ìyá Ọ̀gán gba ohun tí mi ò tíì ní."

Mo ní, "Kí ló gbà?"

Ó kà á lórí ìka bí ẹni ń ka èkùrọ́. "Ọdún kẹwàá mi. Ogún ọdún mi. Ọgbọ̀n. Irùngbọ̀n mi. Ìyàwó tí ì bá máa bá mi jà. Ọjọ́ tí ǹ bá bínú sí bàbá mi, àti ọjọ́ tí ǹ bá dárí jì í."

Ẹ̀yin ará, níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo tà. Gbogbo ọdún tí ọmọ mi kò tíì lò ni mo fi gbá arúgbó lọ́wọ́, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan ti dìde, ó ń fọwọ́ pa irun Ọdẹ́bùnmi. Ó ní, "Irun rẹ dára. Bí o bá yìn tán, ìwọ ni yóò máa dirun fún mi. Ẹni tó ń dì í tẹ́lẹ̀, a ti jà."

Mo gba ọmọ mi lọ́wọ́. Mo ní, "A ń padà sílé."

Ẹlẹ́yín mẹ́ta dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá kankan kò padà nígbà tiwa. Kí ló dé tí tirẹ̀ yóò fi padà?" Ó kígbe, "Bàbá ni! Ẹ sọ ọ́ lókò!"

Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wọ́n mọ òkò sọ. Ẹni tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fún ọgọ́rùn-ún ọdún ti sọ òkò púpọ̀. Ọ̀kan fọ́ mi létí, ọ̀kan gba egungun ẹ̀yìn mi. Mo fi ara mi bo Ọdẹ́bùnmi, mo sáré bí mi ò ti sáré rí, èmi tí mo ní ẹkùn ló ń yà fún mi. Nígbà tí a dé ìdí igi oganwó kan, mo gbé e sókè tìbọntìbọn kí òkò má bà á. Ó gùn ún dé ibi tí ẹ̀ka ti pín. Bó ti jókòó síbẹ̀ ni òkò dáwọ́ dúró lójijì. Igbó dákẹ́. Àwọn ọmọ náà dúró lẹ́bàá pápá, ẹnìkankan kò fi ẹsẹ̀ kọjá ibẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn wò láti mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹfọ̀n ló dúró níbẹ̀. Àdéhùn ti pé. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ọ̀rẹ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n sí mi bí ẹni pé èmi ni mo pa ìyá rẹ̀. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ mi. Orí igi ni ìbọn wà. Àdá nìkan ni mo ní. Mo gbọ́ tí irin dún kẹ̀rẹ́ lókè. Ọdẹ́bùnmi ti fa ìbọn náà sílẹ̀, ó ti nà án.

Ẹfọ̀n fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀, ó tẹ orí ba. Bí ọmọ mi bá yìn, bóyá màá yè, òun yóò sì di ọmọ ọdún mọ́kànlá títí ayé, yóò máa dirun fún òkú ọmọ nínú pápá yẹn. Bí kò bá yìn, èmi ni ẹran. Èmi tí mo ti ń dún mọ́ ọn létí láti ìdájí pé "bó o bá rí i, yìn ín, má jáfara," mo fi gbogbo ọ̀fun mi ké.

"Má yìn ín! Ọdẹ́bùnmi, má yìn ín!"

Ó dé. Ìwo rẹ̀ wọ itan mi ọ̀tún, ó gbé mi sókè bí ẹni gbé àkísà, ó jù mí sídìí oganwó. Orí kó mi yọ, àárín gbòǹgbò méjì tó yọ síta bí ògiri ni mo bọ́ sí. Ìwo rẹ̀ fẹ̀ ju àlàfo náà lọ. Ó kàn án, igi mì. Ó tún kàn án. Ìmí rẹ̀ gbóná lójú mi, itọ́ rẹ̀ ń kán sí mi láyà. Ẹfọ̀n kì í gbàgbé ọ̀tá. Bó bá di ọjọ́ mẹ́ta, yóò dúró dè mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ. Mo ń retí ìró ìbọn, mo ń bẹ Ọlọ́run kí n má gbọ́ ọ.

Ohun tí mo rí ni aṣọ kan tó ń fò bọ̀ láti òkè, ìborùn ìyá rẹ̀ tí ó fi dá òtútù òwúrọ̀. Ó bọ́ lé ìwo ẹfọ̀n, ó bò ó lójú. Ẹran náà bínú, ó gbọn orí, aṣọ rọ̀ mọ́ ọn sí i. Ó ké, ó yí po, ó fi orí la igbó lọ, aṣọ Àwẹ̀ró ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ ìyàwó tí wọ́n ń jí gbé.

Ìyá Ọ̀gán yọ látinú ilẹ̀ kí eruku tó rọlẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ẹrù mi dà?"

Mo ní, "Kò yìn."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹran jíjẹ. Ìwọ ọmọ, bàbá rẹ ló ní kí o má yìn, àbí?"

Ọdẹ́bùnmi ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìbọn náà lé ilẹ̀.

"Láti àárọ̀ ló ti ń ní kí n yìn. Nígbà tó yá, ó ní kí n má yìn. N kò gbọ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Ọwọ́ mi kò tíì tó. Mo mọ̀ látilé. Bàbá mi ní mo tó, bàbá àgbà ní n kò tó, ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ lọ, Ògúnwọlú ń fì ìrù. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó bi mí."

Arúgbó náà wò ó títí. Ikán dúró lójú rẹ̀, wọn kò lọ, wọn kò bọ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí ti bà mí lọ́jà jẹ́," ó tutọ́ sí mi láyà, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Ọdẹ́bùnmi fi ẹ̀wù ọdẹ mi di itan mi. Èjìká rẹ̀ ni mo fara tì dé etí odò, níbi tí Baba Ọdẹ́yalé àti àwọn ọdẹ tí Àwẹ̀ró rán ti bá wa. Ẹnìkankan kò kí mi. Baba wo itan mi, ó wo ọmọ, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ kọ́kọ́ sọdá. Àwẹ̀ró kò kó jáde. Ó fi omi gbígbóná wẹ egbò mi lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ dì. Mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí ọkùnrin lè sọ bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń ní, "Na ẹsẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwo ẹfọ̀n ló dùn mí jù, ẹ kò tíì gbé ilé pẹ̀lú obìnrin tí ẹ fẹ́ràn tí kò fẹ́ wò yín.

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́fà ni Ọdẹ́bùnmi fi gbé àpò tẹ̀lé Baba Ọdẹ́yalé, mẹ́ta kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún un níbọn tó ní, "Ó kù díẹ̀." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lọ bá Baba fúnra rẹ̀, ó ní, "Bàbá àgbà, ó yá mi." Òwúrọ̀ òní ni wọ́n lọ sí Igbó Ẹlẹ́fọ̀n. Ó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ní èjìká, ó ní ojú, ọkùnrin rere kan sì ń kọ lẹ́tà sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tà ló kó sára lọ.

Ṣé ẹ rò pé ọkàn mi balẹ̀? Nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, mo fa ọ̀pá mi, mo tiro lọ bá a ní ẹnu ọ̀nà. Mo ní màá tẹ̀lé wọn dé odò, odò péré. Mo ní kò tíì tó, mo ní kó fi í di ọdún tó ń bọ̀, mo ní kò mọ bí ìwo ẹran náà ti ń wọni lára. Ó gbọ́ mi tán. Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Ó tún okùn ìbọn ṣe léjìká rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tẹ̀ mí léjìká sí orí àga ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó."

Mo jókòó.